Ìrìn-Àjò Mi sí Ilẹ̀ Àwọn Tí Kì í Kíni, Nítorí Ìlà Kan Tí Kọ̀ǹpútà Gbé Mì

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ ń dá mi dúró káàkiri láti bi mí pé báwo ni òkè òkun, ẹ wá jókòó kí n rò ó fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti sú mi láti máa rò ó lẹ́yìn ọ̀kadà, tí afẹ́fẹ́ á gbé ìdajì rẹ̀ lọ, tí ọlọ́kadà á sì fi ìdajì yòókù rẹ́rìn-ín. Òkè òkun tí mo lọ kì í ṣe èyí tí ẹ ń wò lórí fóònù. Ẹsitóníà ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ilẹ̀ kékeré kan ní apá àríwá Yúróòpù, létí òkun tí omi rẹ̀ máa ń dì gbagidi nígbà òtútù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ nílé, àbúrò bàbá mi bi mí bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Kì í ṣe ti fàájì ni mo bá lọ. Ẹ ó gbọ́ ohun tí mo torí ẹ̀ lọ, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí mo mú bọ̀, bí inú yín kò bá tiẹ̀ ní dùn sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn yín.

Ohun tó lé mi kúrò nílé

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sífáwù, ọmọ ìyá mi gan-an, wà lára àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn sínú ẹ̀rọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, aláìsàn kan tí à ń pè ní Ìyá Sàídì wá sọ fún un pé abẹ́rẹ́ kan báyìí ń bá òun lára jà, pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má gún òun ní irú rẹ̀ láéláé. Òun àti Àǹtí jọ máa ń jókòó sórí ẹní kan náà ní àsàlátù ọjọ́ Sọ́ńdè. Àǹtí tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ fèsì pé ó ti wọlé. Bó ṣe ń dìde báyìí ni àwọn ará àdúgbò pariwo pé iná ti dé, Bàbá Súlè tó ń ṣọ́ géètì sáré lọ yí ọwọ́ ìpààrọ̀ iná kúrò lórí jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀rọ kú, wọ́n sì tún jí. Kò sẹ́ni tó ronú kan nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Sàídì padà wá pẹ̀lú ibà, ẹ̀gbọ́n mi kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì wo inú kọ̀ǹpútà, kò rí ìkìlọ̀ kankan, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ náà gan-an. Ojú obìnrin náà wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí, díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ há títí di òní.

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó na ìka sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Sífáwù, ṣé o kọ ọ́ àbí o ò kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́, sà. Ẹ̀rọ sọ fún mi pé ó ti wọlé."

"Ó dà níbẹ̀? Kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́."

Àǹtí fi Kùránì búra. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè é, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́. Wọ́n yíjú sí èmi náà pé kí ni mo rí sí i. Mo ní mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n n kò mọ inú ẹ̀rọ. Wọ́n ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni.

Èyí tó dùn án jù kò ju ti àsàlátù lọ. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é: bí ẹnì kan bá pẹ́ kó tó dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fa hìjáàbù mọ́ra, á sún, á fi àyè sílẹ̀ fún un lórí ẹní. Ní Sọ́ńdè tí Àǹtí lọ lẹ́yìn ìpàdé yẹn, àwọn obìnrin kí i kúkú ni. Wọ́n kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kí i kú ìrójú, wọ́n bi í léèrè ọmọ. Kò sẹ́ni tó sún. Ó dúró díẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ. Láti ìgbà náà ló ti kó lọ sílé bàbá wa ní Ìbẹ̀fun, níbi tí kò ti sẹ́ni tí yóò máa wò ó lójú títì.

Àwọn ará Ẹsitóníà ló ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn wa ń lò. Wọ́n ní kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tó ń lò ó fi ẹnì kan ránṣẹ́ wá kọ́ bí inú rẹ̀ ti rí. Dókítà ní kí n lọ, kí n lọ kọ́ bí yóò ṣe túbọ̀ máa yá. Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́kàn mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé lọ: ṣé ẹ̀rọ lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti wọlé, kó sì gbé e mì?

Wọn kì í kíni

Ẹni tó yẹ ìwé mi wò ní pápákọ̀ òfurufú wọn wo ìwé, ó wo ojú mi, ó lu òǹtẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Èkejì rẹ̀ tú àpò mi. Ó bá gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú gidi ni o, èyí tó kan dáadáa, tí àwọn ará Èkó ń wá wá sí ọjà wa. Ó bù ú, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro, ó bi mí pé ẹranko wo ni mo fẹ́ fi bọ́. Mo ní èmi ni ẹranko náà. Kò rẹ́rìn-ín.

Òtútù ibẹ̀ kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹni tó ń fi aṣọ òtútù jáde nígbà ọyẹ́ wa yìí. Imú mi kò mọ̀ pé òun wà lójú mi mọ́. Yìnyín bo ilẹ̀, ó bo igi, ó bo mọ́tò, àwọn èèyàn sì ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹnu wọn padé. Ní ibùdókọ̀ wọn, ẹnì kan á dúró síhìn-ín, ẹnì kejì á lọ dúró sí ọ̀ọ́kán, bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn ní àrùn ìgbóná. Mo dúró ti ìyá àgbàlagbà kan, mo kí i. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ó sì rìn sí iwájú díẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo kí i tọkàntọkàn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ títí n ó fi kọjá, nígbà náà ni yóò tó jáde. Mo máa ń dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn kí n lè rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí mo fi kúrò níbẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń sá fún "ẹ káàárọ̀".

Olùkọ́ wa tún ta wọ́n yọ. Ọ̀gbẹ́ni Tóómà ni orúkọ rẹ̀, ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo bi í bó ṣe sùn, mo bi í léèrè ìyàwó, mo bi í léèrè ọmọ. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Kí ló ṣe wọ́n?"

Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, mo kàn ń bèèrè ni.

Ó ní, "Kí ló dé tí o fi ń bèèrè bí kò bá sí nǹkan tó ṣe wọ́n?"

Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì tẹ ilé láago láti mọ̀ bóyá àlàáfíà ni. Ojú rẹ̀ le sí mi ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn.

Oúnjẹ wọn

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ní oúnjẹ. Búrẹ́dì dúdú ni, tó le, tó sì kan, tí wọ́n ń yìn bí ẹni pé wọ́n fi oyin pò ó. Wọ́n ní ẹja kékeré kan tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Wọ́n ní ọ̀dùnkún, lónìí, lọ́la, lọ́túnla. Ata kò sí. Mo bèèrè ata, wọ́n gbé èyí dúdú lúbúlúbú fún mi, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí n rọra o. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀dùnkún, mo jẹ ẹ́, wọ́n sì ń wò mí bí wọ́n ti ń wo ẹni tó fẹ́ pokùnso.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n gbé ohun kan ka iwájú mi, omi ẹran tí wọ́n jẹ́ kó dì, tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nínú àwo. Mo bèèrè pé ẹran kí ni. Wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo rọra tì í sẹ́yìn. Tóómà rí mi. Lọ́jọ́ kejì, ẹja ló wà níbi àyè mi, ẹja náà ni mo sì bá níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìdí, kò sẹ́ni tó ní kí n dúpẹ́. Ká ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, wọn ì bá ti pe gbogbo ilé jọ wá gbọ́ pé àwọn ti ṣe é lóore.

Mo po gààrí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Gbogbo wọn dúró yí mi ká. Tóómà fi ṣíbí bù díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ronú.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Mo sọ fún un pé bó ṣe dára tó nìyẹn. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀ tó kan ju gààrí mi lọ.

Ojú ewé tó dọ̀tí

Ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? Mo rò pé wọn á fi idán hàn wá. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo bá.

Inú ẹ̀rọ tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn pa mọ́, ojú ewé ni gbogbo rẹ̀. Ojú ewé wà lórí dísìkì, dísìkì kì í sì í gbàgbé bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n dísìkì falẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan kan padà, ẹ̀rọ á gbé ojú ewé náà wá sínú mẹ́mọ̀rì, níbi tí nǹkan ti ń yá, níbi tí gbogbo nǹkan sì ti ń parẹ́ bí iná bá lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti yí i padà. Kò sì ní gbé e padà sórí dísìkì lójú ẹsẹ̀. Á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó bá yá, á wá máa kó wọn lọ. Kí ẹ wá gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀: ojú ewé tó dọ̀tí. Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ tuntun tó jẹ́ òótọ́, òun ni wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí, èyí àtijọ́ tó wà lórí dísìkì ló wá mọ́.

Mo nawọ́ sókè. Mo ní ẹ̀rọ yìí ya ọ̀lẹ, kí ló dé tí kò lè gbé ojú ewé lọ síbi tó yẹ kó wà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tóómà ní, "Bó bá ń lọ nítorí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kò ní parí."

"Bí iná bá wá lọ kó tó lọ ńkọ́?"

"Níbí, iná kì í lọ."

Mo wo àwọn tó kù nínú kíláàsì, mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó dúró kí n rẹ́rìn-ín tán.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n a ṣe é bí ẹni pé yóò lọ."

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Ẹ wo télọ̀ tó mọ iṣẹ́. Ẹ lọ wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò ní gé aṣọ náà lójú yín, torí ó ní aṣọ rẹpẹtẹ nílẹ̀, tó bá yá ni yóò gé gbogbo wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó jẹ́ kí ẹ lọ, á kọ ìwọ̀n yín sílẹ̀. Bí òjò bá wó ṣọ́ọ̀bù, bó sì gbàgbé ojú yín pátápátá, ìwọ̀n yín wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ yìí. Kó tó sọ fún yín pé ó ti wọlé, á kọ ìlà kúkúrú kan sórí dísìkì nípa ohun tó ṣe, á sì dúró títí dísìkì á fi jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé tó dọ̀tí lè wá máa sinmi nínú mẹ́mọ̀rì. Òfin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ewé kankan kò gbọdọ̀ ṣáájú ìlà rẹ̀ dé orí dísìkì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á kó gbogbo ojú ewé tó dọ̀tí sórí dísìkì, á sì fi àmì sí ibi tó kó o dé. Bí iná bá lọ, tó sì padà, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi àmì yẹn, á ka àwọn ìlà tó tẹ̀ lé e, á tún gbogbo iṣẹ́ tó sọnù ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í pàdánù nǹkan.

Ó yé mi yékéyéké, ó sì bà mí nínú jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé Dókítà ló jàre. A jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi parọ́.

Ìdúró tí wọ́n pa

Tóómà tẹ orúkọ aláìsàn kan tí kò sí láyé sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní ó ti wọlé. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó fa okùn iná yọ lára ògiri. Ẹ̀rọ kú fin-ín. Ó tún un tàn, a dúró, orúkọ náà sì wà níbẹ̀, kò yingin.

Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, kò ní sí níbẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè, torí orí mi ti gbóná. Gbogbo kíláàsì dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀.

Tóómà ní, "Fi hàn mí."

Mo ti da gbogbo bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ ilé ìwòsàn wa kọ sínú fláàṣì kí n tó kúrò nílé. Mo fún un. Ó jókòó tì í, ó ń kà á lọ, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan. Ó pẹ́ débi tí mo fi rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan ibì kan.

"Wọ́n ti sọ fún ẹ̀rọ yín pé kó má dúró."

Ìdúró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ni, tí ẹ̀rọ máa ń dúró kí dísìkì jẹ́wọ́. Ẹnì kan ti pa á. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ wa kàn ń sọ pé ó ti wọlé, kó tó mọ̀ bóyá ìlà náà dé orí dísìkì tàbí kò dé. Ìlà ṣì wà nínú mẹ́mọ̀rì, níbi tí ojú ewé tó dọ̀tí wà. Bí iná bá fún un láyè díẹ̀, á dé ibi tó ń lọ. Bí Bàbá Súlè bá yí ọwọ́ iná láàárín àsìkò yẹn, ìlà àti ojú ewé á jọ run pọ̀ ni, ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀ pé òun fìgbà kankan gbọ́ ọ rí.

Tóómà ní, "Ta ló ṣe é?"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, nǹkan róbótó kan á máa yí díẹ̀ lójú rẹ̀ kó tó dáhùn. Kò ju kí èèyàn sín lọ. Ẹ̀yin aláìsàn tí ẹ tò sílẹ̀, ẹ̀ ń pòṣé, ẹ̀ ń ní ẹ̀rọ òyìnbó kò ní jẹ́ kí ẹ tètè délé, ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ gan-an ń pariwo pé wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò. Dókítà pe Ẹ̀ńjíníà tó bá wa to ẹ̀rọ. Ó ní, "Mú kó yá. Ohun tó bá gbà, fún un." Lọ́jọ́ kejì, kò sí róbótó mọ́. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́, Dókítà ra mọ́ọ̀tì tútù fún Ẹ̀ńjíníà. Níbi tí iná kì í ti í lọ, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń dúró. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bí ọmọ tó ń ṣeré, a ní kó má dúró.

Mo wá sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún Tóómà. Mo sọ ti abẹ́rẹ́, mo sọ ti ìpàdé, mo sọ ti Kùránì àti ti ẹní àsàlátù. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń dùn mí. Kò mi orí, kò ní "ẹ̀yà", kò ní "pẹ̀lẹ́". Mo ń bú u lọ́kàn mi pé igi ni ọkùnrin yìí. Ó jẹ búrẹ́dì tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ òótọ́."

Kò fi nǹkan kan kún un. Mo jáde síta láì wọ kóòtù, mo dúró nínú yìnyín, mo sì sunkún. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, gbogbo Ìjẹ̀bú ló ti kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan kò sì sọ gbólóhùn yẹn fún un. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ti ń kíni ló sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, Tóómà bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé dáadáa ló wà?"

Ó ti kọ́ ọ sórí, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé òkúta. Mo ní àlàáfíà ló wà. Ojú tì í, ó sì yára wọlé.

Mo délé

Nígbà tí mo dé, ẹ kí mi káàbọ̀ títí ó fi fẹ́ di àìsàn sí mi lára. Dókítà fẹ́ gbọ́ nípa ọkọ̀ òfurufú, Métírọ́ọ̀nù fẹ́ gbọ́ bóyá yìnyín dùn lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n pe Bàbá Súlè láti géètì, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Èmi ni mo lọ mú un wá láti Ìbẹ̀fun. Kò kọ́kọ́ fẹ́ wá. Ó ní kí ni òun tún fẹ́ wá jókòó sí níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ bá mi ká lọ, Àǹtí. Ẹ kàn wá tẹ ìlà kan ni."

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tó mọ̀ dáadáa. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́rẹ́ kan ń bá òun jà. Ẹ̀rọ ní ó ti wọlé. Dókítà fojú ara rẹ̀ kà á. Mo ṣẹ́wọ́ sí Bàbá Súlè láti ojú fèrèsé, ó yí ọwọ́ iná, bó ṣe máa ń yí i lójoojúmọ́. Gbogbo rẹ̀ kú, ó sì jí. A wá orúkọ náà. Kò sí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀.

Métírọ́ọ̀nù ní, "Subuhánalláàhì." Bàbá Súlè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó rò pé òun ni wọ́n máa mú.

Mo wá dá ìdúró tí wọ́n pa padà fún ẹ̀rọ. Àǹtí tún un tẹ̀. Róbótó ọjọ́sí yí díẹ̀, ẹ̀rọ ní ó ti wọlé, Bàbá Súlè yí ọwọ́ iná. Nígbà tí ẹ̀rọ jí, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ bó ṣe tẹ̀ ẹ́.

Dókítà nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀ńjíníà yẹn ló ṣe mí báyìí."

Mo ní, "Sà, ta ló ní kó mú kó yá?"

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní, "Sífáwù, ó ti tán. Ká fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sí àárín ara wa níbí. Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Àǹtí dìde. Kì í ṣe ẹni tó máa ń gbé ohùn sókè, kò sì gbé e sókè lọ́jọ́ náà.

"Dókítà, iwájú gbogbo èèyàn lẹ ti pè mí ní onírọ́. Níbo lẹ fẹ́ ti pè mí ní olóòótọ́?"

Orí ẹní

Dókítà wá sí àsàlátù ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Onígbàgbọ́ ni, kò dé ibẹ̀ rí. Ó gbé páálí bisikíìtì dání bí ẹni tó wá kí ọlọ́mọ tuntun. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró síta lẹ́nu ọ̀nà, torí ó ní òun kò ní wọlé kí òun tó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ sọ.

Dókítà kí àwọn obìnrin tó wà lórí ẹní. Ó kí wọn kú ìjókòó, ó kí wọn kú àdúà, ó kí wọn kú oòrùn, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè ọjà. Àwọn obìnrin náà ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí wọ́n fò. Nígbà tí kíkí tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iná ìjọba. Ó bọ́ sórí ẹ̀rọ òyìnbó, ó bọ́ sórí Ẹ̀ńjíníà, ó ní kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe láyé yìí. Mo ń gbọ́ ọ, àárò búrẹ́dì dúdú àti ti ọkùnrin tó ń jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀ ń sọ mí. N kò mọ̀ pé mo lè ṣàárò irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Sàídì ló dá a dúró, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há.

"Dókítà, ẹ dákun. Ẹ̀yin náà bi í léèrè lọ́jọ́sí, èmi náà fẹ́ bi yín. Ṣé Sífáwù kọ ọ́ àbí kò kọ ọ́?"

Dókítà wo bisikíìtì ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ó kọ ọ́."

"Ẹ ṣeun."

Obìnrin náà kò wo ẹ̀yìn, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kó hìjáàbù rẹ̀ mọ́ra, ó sì sún. Àǹtí bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì jókòó.